Orúkọ Keje Lára Òkúta Àsíkábì

Èpè kan ló fa gbogbo rẹ̀. Salaudeen ń fomi rin koríko létí òkun ní Jẹ́dà, níbi tí ìjọba ti ń fi owó epo ṣe ọgbà ìgbafẹ́ tó gùn lọ rẹrẹ, ni rọ́bà omi bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tí omi sì wẹ̀ ẹ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ṣépè. Kò fi Yorùbá ṣé e, kò sì fi èdè Lárúbáwá ṣé e. Gẹ̀ẹ́sì ni, irú Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kì í kọ́ èèyàn nílé ìwé, èyí tí àwọn awa-èédú ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń bú ọmọlanke èédú tó bá yà kúrò lójú irin.

Òyìnbó kan tó ń bá àwọn oníṣẹ́ ọgbà náà wọn ilẹ̀ wà nítòsí. Ó dá iṣẹ́ dúró, ó wò ó.

"Níbo lo ti kọ́ èyí tó o sọ yẹn?"

"Àsíkábì," ni Salaudeen fèsì.

Òyìnbó náà jókòó sórí òkúta. Ó ní Àsíkábì ni wọ́n bí òun sí, ó ní inú kòtò èédú ibẹ̀ ni bàbá òun ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi tì í pa. Ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì pọ́n bíi ti ẹni tí ẹkún fẹ́ gbọ̀n. Salaudeen ní ayé kéré o, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi okùn di ojú ibi tí rọ́bà ti bẹ́. Bí wọ́n bá sọ fún un lọ́jọ́ náà pé òkun ti gbẹ, ó ṣeé ṣe kó ní ó dáa.

Ọmọ Ìwó ni Salaudeen, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ní ọdún 1979 tí à ń wí yìí. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n jọ wọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó lọ́dún 1953, tí wọ́n sì ríṣẹ́ sí kòtò èédú Àsíkábì. Mùnírù ni wọ́n sọ ẹ̀gbọ́n náà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ṣùgbọ́n Àjàmú, oríkì tí ìyá wọn fi ń kì í, ló mọ́ gbogbo ayé lẹ́nu. Òun náà ló sì sọ nígbà tí akọ̀wé kòtò bi í lórúkọ. Akọ̀wé gbọ́ ọ bí etí tirẹ̀ ṣe lè gbọ́ ọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní A. J. Moore, tí òyìnbó ń pè ní Éjè Múà. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò fi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi délé.

Ní ọdún karùn-ún, iná sọ nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ọkùnrin méje ló wà níbi tí iná ti sọ, Àjàmú sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ihò mìíràn ni Salaudeen wà, wọ́n sáré fà á jáde. Iná náà kọ̀, kò kú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ní bí atẹ́gùn bá ṣì ń ráyè wọlé, gbogbo kòtò ni yóò jóná, wọ́n bá fi bíríkì àti iyanrìn dí ẹnu ihò ọ̀hún pa, òun àti àwọn méje tó wà nínú rẹ̀. Salaudeen wà lára àwọn tó gbé bíríkì.

Láti ọjọ́ náà ni inú rẹ̀ ti dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé lórí pẹ́. Èèyàn mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ni, ó ń fojú rí i, ṣùgbọ́n kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, kò ní mọ̀. Ó ń jẹun, ó ń kírun, ó sì ń lọ síbi iṣẹ́. Kò sunkún rí.

Àjàmú fi ìyàwó sílẹ̀ ní Ìwó, Fáòsíátù, pẹ̀lú ọmọbìnrin kan, Bùsírátù, tí wọn kò tíì já lẹ́nu ọmú nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ. Nígbà tí lẹ́tà àwọn aláṣẹ kòtò dé, tíṣà kà á fún gbogbo ilé, ó ní ẹnì kan tí ń jẹ́ Múà ló kú. Fáòsíátù ní kí Ọlọ́run forí jin Múà, kó sì bá òun dá ọkọ òun padà. Wọ́n ti kòtò náà pa lọ́dún 1967, Salaudeen, tí kò lè kọ ọ̀rọ̀ náà sí lẹ́tà rí, padà sílé, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé Múà ni Àjàmú, Àjàmú ni Múà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni obìnrin náà bi í.

"Ṣé ẹ rí òkú rẹ̀?"

"Rárá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó gbé igbá rẹ̀ nílẹ̀, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́dún 1973, àwọn méjèèjì jọ lọ sí Mẹ́kà. Salaudeen ṣe hájì ti ara rẹ̀ lọ́dún náà, ó dúró di ọdún kejì láti ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú. Fáòsíátù ní alààyè ló ń ṣe hájì òkú fún. Òun alára ti di Kááʼbà mú, ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní padà sí Ìwó láìjẹ́ pé Ọlọ́run jẹ́ kí òun gbọ́ òdodo nípa ọkọ òun. Bí wọ́n ṣe di ará ibẹ̀ nìyẹn. Àwọn méjèèjì kò ní ìkámà, ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́ kí àlejò gbélùú. Fáòsíátù ń din àkàrà ní Kùdáì, ládùúgbò àwọn tálákà ní gúúsù Mẹ́kà. Salaudeen sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Jẹ́dà, ó rí agbaṣẹ́ṣe kan tí kì í béèrè ìwé, bó ṣe di ẹni tí ń fomi rin koríko nìyẹn.

Òyìnbó náà lọ sílé fún ìsinmi oṣù kan. Nígbà tó dé, ó wá Salaudeen rí nídìí igi ọ̀pẹ kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Ó mú fọ́tò méjì jáde nínú àpòòwé.

"Wò ó. O ò ní mọ̀ ọ́n mọ́."

Lóòótọ́, Salaudeen kò mọ̀ ọ́n. Níbi tí òkìtì dúdú tó ga ju ilé lọ ti wà rí, koríko tutù ló wà níbẹ̀. Kòtò omi ẹlẹ́gbin ti di adágún. Àwọn ọmọdé wà nínú ọkọ̀ kékeré lórí omi, bàbá kan ń fi ìwọ̀ pẹja, obìnrin kan tẹ́ aṣọ sórí koríko, ó ń gé búrẹ́dì, ajá jókòó tì í. Lẹ́yìn wọn ni wọ́n ri ìdajì kẹ̀kẹ́ ńlá onírin mọ́lẹ̀, èyí tó ń sọ àwọn òṣìṣẹ́ kalẹ̀ sínú kòtò tó sì ń fà wọ́n sókè nígbà náà.

Fọ́tò kejì ni ti òkúta ìrántí tí wọ́n gbé sídìí kẹ̀kẹ́ ọ̀hún lẹ́yìn tí Salaudeen ti relé. Orúkọ méje ló wà lára rẹ̀.

"A mọ gbogbo wọn, àfi ẹni ìkẹyìn yìí," ni òyìnbó náà wí. "Múà méjì ló wà ní Àsíkábì, ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n bi àwọn méjèèjì, olúkúlùkù ní kì í ṣe tòun. Àwọn àgbà ní aláwọ̀ dúdú kan wà lára wọn lóòótọ́, Jímì ni wọ́n ń pè é, wọn ò mọ ti bàbá rẹ̀. Ìyá arúgbó kan ló ń gbé òdòdó síbẹ̀ fún un lọ́dọọdún. Ó ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wà láìlẹ́nìkan."

Salaudeen wo orúkọ náà. Ó dúró kí nǹkan kan sọ nínú rẹ̀, nǹkan kan kò sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ló wí. "Orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn."

Òyìnbó náà ṣí fìlà. Ó ní ìgbìmọ̀ kan ló ń tọ́jú ibẹ̀, pé bí Salaudeen bá lè kọ lẹ́tà, kó fi orúkọ gidi sínú rẹ̀, òun á fi ránṣẹ́, wọ́n á tún un gbẹ́. Salaudeen ní òun á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ aya ẹni tó ni orúkọ. Ó ki fọ́tò bọ àpò, ó lọ ṣí omi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó wọ mọ́tò lọ sí Mẹ́kà. Ó bá Fáòsíátù nínú yàrá rẹ̀ ní Kùdáì, ó ń bó ẹ̀wà. Obìnrin náà kì í pè é lórúkọ, nítorí Salaudeen ti wà nílé kí wọ́n tó gbé òun níyàwó wá. Nítorí pé ó mọ̀wé, Akọ̀wé ló ń pè é.

"Ẹ káàbọ̀, Akọ̀wé mi. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Àlàájà." Ó tẹ́ fọ́tò àkọ́kọ́ sórí ẹní. "Àsíkábì nìyí. Ibi tí a ti ṣiṣẹ́."

Fáòsíátù nu ọwọ́ rẹ̀, ó gbé fọ́tò náà súnmọ́ ojú. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹ ní ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú."

"Ó dúdú nígbà yẹn. Wọ́n ti gbin koríko lé e lórí."

"Kí ni àwọn wọ̀nyí ń ṣe?"

"Wọ́n ń gbatẹ́gùn. Ọjọ́ ìsinmi ni."

"Lórí rẹ̀?"

"Ó jìn, Àlàájà. Bí a bá to mínárà Mọ́sálásí Hárámù mẹ́fà léra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé ibẹ̀."

"Ọmọdé ló wà nínú ọkọ̀ yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Wọ́n ń rẹ́rìn-ín." Kò sọ ọ́ bí ẹni tí inú ń bí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń ka iye àkàrà. Salaudeen wá fi fọ́tò òkúta hàn án, ó ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó dé ìkeje, Fáòsíátù gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

"Múà."

"Òun ni. Mo ti sọ ọ́ fún yín rí."

"Ẹ sọ ọ́. Èmi ni mi ò gbọ́ ọ."

Ló bá ròyìn fún un bí Múà méjèèjì ṣe ní kì í ṣe tàwọn, àti ti ìyá arúgbó olódòdó. Fáòsíátù da ẹ̀wà ọwọ́ rẹ̀ padà sínú omi.

"Ọdún mélòó?"

"Mọ́kànlélógún."

"Tí ẹnì kan ò sì wá a wá?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Bó bá jẹ́ ọmọ wọn ni, wọn ì bá ti wá a wá." Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń dán orúkọ òyìnbó náà wò lẹ́nu, ó ń yí i síhìn-ín, ó ń yí i sọ́hùn-ún, bí ẹni ń wá ọ̀nà tí kọ́kọ́rọ́ yóò gbà wọlé. Ni ó bá pè é jáde. "Àjàmú."

Salaudeen gbójú sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé obìnrin yìí wọlé ọkọ, kò dárúkọ ọkọ rẹ̀ rí.

"Èyí tí ìyá rẹ̀ ń pè é ni kí wọ́n kọ," ni Fáòsíátù wí. "Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ dáadáa tẹ́lẹ̀."

Ó bọ́ sórí ẹ̀wà rẹ̀ padà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí Salaudeen mú òun lọ sọ́dọ̀ àlùfáà, kí òun lè mọ bí òun yóò ṣe ṣe opó. Wọ́n lọ sí Ruséfà, àdúgbò mìíràn ní Mẹ́kà, sọ́dọ̀ Ṣéù Abdulkarim. Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí, ọmọ ọmọ Yorùbá ni, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì ti kún fún Lárúbáwá. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Oṣù mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́wàá ni, màámá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ikú ni wọ́n ń kà á. Kì í ṣe ọjọ́ tí ìròyìn dé. Tiyín ti parí. Kàláásì."

"Ìgbà wo ló parí?"

"Ó ti lé ní ogún ọdún."

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lọ́nà, Fáòsíátù wo ìta láti ojú fèrèsé mọ́tò. "Mo ti ṣe é tán kí n tó bẹ̀rẹ̀," ló wí.

Salaudeen kọ lẹ́tà, òyìnbó fi ránṣẹ́. Kò kọ àdírẹ́ẹ̀sì sí i, ẹ̀rù ìwé tí kò ní ń bà á. Oṣù mẹ́ta kọjá kí èsì tó dé ọwọ́ òyìnbó náà: wọ́n ti pa orúkọ ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, wọ́n ti gbẹ́ AJAMU sípò rẹ̀, wọ́n sì kọ Ìwó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fáòsíátù ní kí Ọlọ́run san án fún wọn. Lẹ́yìn náà ló ní òun ń lọ sílé. Ó ti gbọ́ òdodo, ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ti pé. Ọmọ mẹ́ta ni Bùsírátù ti bí ní Ìwó, kò sì tíì fojú kan ọ̀kan nínú wọn.

Ẹni tí kò ní ìwé tó bá fẹ́ relé, ọ̀nà kan wà. Yóò fi ara rẹ̀ lé àwọn ọlọ́pàá tàríhíìlì lọ́wọ́, àwọn tó ń lé àlejò padà sí ìlú wọn, ìjọba á sì fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Fáòsíátù dé sí Jẹ́dà pẹ̀lú báàgì kan. Salaudeen sìn ín dé ìdojúkọ ọgbà tí wọ́n ń kó wọn sí. Àwọn obìnrin bíi mẹ́wàá ti jókòó sórí ẹrù wọn níbẹ̀. Salaudeen kò gbọdọ̀ súnmọ́ ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n má baà mú un mọ́ wọn.

"Ẹ ò kúkú bá mi ká lọ, Akọ̀wé mi?"

"Ó di ìgbà díẹ̀ sí i."

"Kí lẹ ń dúró dè?"

Ó ronú sí i tọkàntọkàn, nítorí ìbéèrè náà tọ́. "Mi ò mọ̀," ló wí.

Fáòsíátù wò ó lójú. "Ẹ̀yin lẹ gbé bíríkì. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ìyá yín sọ ọ́ fún mi kó tó kú. N ò bá yín wí sí i rí, n ò sì ní bá yín wí sí i." Ó kúnlẹ̀ kí i níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, bí ìyàwó ṣe ń kí ọkọ, ó sì gbé báàgì rẹ̀, ó sọdá. Ọlọ́pàá ṣí ilẹ̀kùn fún un. Kò bojú wẹ̀yìn.

Salaudeen dúró. Ó rò pé bí ẹkún yóò bá wá, ìgbà yìí ni yóò wá. Mọ́tò ń kọjá, oòrùn ń yọ, ẹkún kò wá. Ohun tó wá ni ebi, ebi gidi, irú èyí tí kò pa á rí láti ọjọ́ tó ti gbé bíríkì. Ó wọ ilé oúnjẹ ará Yémẹ̀n kan nítòsí ibẹ̀, ó ní kí wọ́n bu ẹ̀wà fúùlù fún òun pẹ̀lú búrẹ́dì méjì. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi búrẹ́dì nu abọ́. Ó ní kí wọ́n bu òmíràn wá.