Iye Wákàtí Kan

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ fọ́ mi létí, mo ṣì ń kí i káàbọ̀ ni. Ó ti rí ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù: láti oṣù tó ń bọ̀, iye tí mò ń gbà fún wákàtí kan yóò di ìlọ́po méjì.

Èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ yìnyín rẹ̀. Wákàtí la fi ń ṣírò owó mi. Nígbà tí iṣẹ́ náà kò tíì yé mi dáadáa, ohun kékeré lè gbà mí ní ọjọ́ kan gbáko, owó ọjọ́ kan ni màá sì gbà. Ọwọ́ mi wá yá, mo ń fi wákàtí kan ṣe é, owó wákàtí kan ló kù fún mi. Bí mo ṣe ń mọ iṣẹ́ sí i ni mò ń tòṣì sí i. Ìyàwó mi ló ní kí n la ẹnu mi sọ̀rọ̀.

"Ta ló ra kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ fún ẹ?" Ẹ̀gbọ́n mi tún fọ́ mi létí kejì.

"Ẹ̀yin ni, bọ̀ọ̀dá."

"Èló ni wákàtí kan?"

"Ìlọ́po méjì, sà."

Ó kó ẹ̀ṣẹ́ bò mí lẹ́nu. Ètè mi ya, ẹ̀jẹ̀ dà sórí ṣẹ́ẹ̀tì mi. Olórí kunkun ni mí láti kékeré.

"Ẹ ti sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, sà," ni mo wí. Pẹ̀lú gbogbo lílù yẹn, mi ò pè é ní "ìwọ" lẹ́ẹ̀kan. Àbí kí n torí ìjà di aláìlẹ́kọ̀ọ́?

Ó wọ́ mi lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ ọwọ́ ọ̀tún mi mọ́ igi ilẹ̀kùn, ó sì fa ilẹ̀kùn mọ́ ọn. "Sọ iye àtijọ́." Ọwọ́ yẹn ni mo fi ń bọ́ ilé mi. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo tọ̀ sára, síbẹ̀ mi ò sọ ọ́. Ló bá fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Ìka mi dún bí ìgbà tí èèyàn ń rún yìnyín lẹ́nu.

Igbe mi ló mú ìyàwó mi já wọlé láti yàrá tó ti ń lọṣọ. Ó tẹ áyọ́ọ̀nù gbígbóná mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi títí ẹ̀wù fi lẹ̀ mọ́ ara. Ọkùnrin náà ké, ó sì sá jáde. Ìyàwó mi gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó gbé mi lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà ní méjì nínú àwọn ìka náà kò ní ká mọ́. Mo sunkún bí ọmọdé. Mo kórìíra ẹ̀gbọ́n mi dénú eegun.

Kò pẹ́ tó fi ra ẹ̀rọ tuntun kan tí ètò mi kò dá mọ̀, ni gbogbo ilé iṣẹ́ bá dúró. Ó pe àwọn mìíràn tó mọ iṣẹ́ náà, iye tí wọ́n pè mú kí ìlọ́po mẹ́ta tèmi dà bí ẹ̀bùn. Ló bá rán ìyá wa sí mi. Nítorí ìyá wa, mo lọ.

Yìnyín ti ń yọ́, omi ti gba gbogbo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè wò mí lójú. "Àbúrò mi, sọ iye tó o bá fẹ́."

"Iye àtijọ́ náà ni, bọ̀ọ̀dá, èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Iye wákàtí tí mo bá lò ni màá gbowó ẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀, ó dúpẹ́. Ó jókòó tì mí, kò lè fẹ̀yìn ti àga nítorí egbò rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi tí wọ́n fi báńdéèjì dì lé itan. Mo na ìka kan ní ọwọ́ òsì, mo wá lẹ́tà àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà títí mo fi rí i, mo tẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá èkejì.

Nígbà tó yé e, ojú rẹ̀ pọ́n, ó di ẹ̀ṣẹ́.

"Ẹ fara balẹ̀, sà," ni mo wí. "Bẹ́ ẹ bá ṣẹ́ èyí náà, imú ni màá máa fi tẹ̀ ẹ́."

Ó tú ọwọ́ rẹ̀ ká. Omi ti wọ inú bàtà rẹ̀.