Ẹ Má Já Ewé Kábéèjì Mi

Lọ́dún 1987 tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ Sàfíátù ní Wharf Road, ẹ̀yìnkùlé ilé Alájì Gbàdàmọ́sí, onílé wọn, ní Ajégúnlẹ̀ ni ọbẹ̀ ilé wọn ti ń jáde. Tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ata wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Gregory, aládùúgbò wọn tó ń tọ́jú ọgbà àwọn òyìnbó ní Apápá, di irúgbìn kábéèjì sínú bébà fún un. Ó ní irú èyí ò bẹ̀rù oòrùn Èkó, kó gbìn ín kí ọyẹ́ tó dé.

Kábéèjì hù. Ewé rẹ̀ tẹ́ bí etí erin. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìsẹ́yìn ni Sàfíátù, oko ẹ̀fọ́ ni wọ́n ti pọ̀n ọ́n dàgbà, ohun tí ìyá rẹ̀ sì kọ́ ọ ni pé ẹ̀fọ́ tí a bá ń já ló ń rú. Ló bá ń já a. Ilé yàrá méjìlá ni ilé ọ̀hún, ta ló sì fẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹni pé òun ń wá ewé méjì, tí a ó fi dù ú? Ìyá Tega já tirẹ̀. Uche tó ń rán bàtà já tirẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa lọ, igi gbọọrọ ló ṣẹ́kù lórí ebè, ó rí bí ọrùn adìẹ tí wọ́n ti tu níyẹ̀ẹ́.

Gregory rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Nusirat ni àkọ́bí Sàfíátù, nítorí náà ohun tí gbogbo ilé ń pè é ni Gregory náà pè é.

"Ìyá Nusi, ẹ̀yin lẹ pa á. Ewé ìta yẹn ló ń bọ́ orí rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá já a tán, kí ló fẹ́ fi ṣù? Ẹ ò gbọdọ̀ já ẹyọ kan títí orí á fi le bí òkúta."

Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀ tí Alájì fi dé pé òun fẹ́ kọ́ yàrá méjì sí ẹ̀yìnkùlé. Sàfíátù kúnlẹ̀.

"Alájì, ẹ fún mi ní ọyẹ́ kan sí i. Màá fi kábéèjì hàn yín."

"Kábéèjì wo? Nínú ẹrẹ̀ Ajégúnlẹ̀? Jos ni wọ́n ti ń kó kábéèjì wá, Sàfíátù. Ohun tó ń ṣe dáadáa níbí ò ju ọ̀pọ̀lọ́ lọ."

"Ẹ ṣáà fún mi, sà."

"Ó dáa. Kí oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ tó tán, bí ẹyọ kan péré bá ṣù tó le, ilẹ̀ yẹn di tìẹ títí o ó fi kó kúrò nílé mi. Bí ò bá ṣù, bíríkìlà á wọlé."

Nígbà tí òjò dá, Sàfíátù kọ ebè rẹ̀ ga dé orúnkún, torí pé abẹ́ ni omi ti ń sun wá níbẹ̀. Ó kó ìgbẹ́ adìẹ sí i, ó gbin mẹ́wàá. Omi kànga níyọ̀, ó ń ru omi ẹ̀rọ láti òdìkejì títì, omi yẹn ò sì tó kábéèjì àti tẹ̀tẹ̀. Ó jẹ́ kí tẹ̀tẹ̀ gbẹ. Láràárọ̀, kó tó gbálẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á máa yẹ abẹ́ ewé wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi èékánná ṣa kòkòrò, á ku eérú lé e.

Ìyá Tega ló kọ́kọ́ gbé àwo dé.

"Ìyá Nusi, àbẹ́gì, ewé méjì péré."

"Kò sí, Ìyá Tega."

"Kò sí báwo? Ṣebí mò ń rí i."

"Èyí tẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn, ojú ni kẹ́ ẹ fi jẹ ẹ́."

"Ẹ kúkú gba ṣọ́jà kó máa ṣọ́ ọ."

Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, Ìyá Ahun lorúkọ rẹ̀ nínú ilé. Ó gbà á bẹ́ẹ̀.

Èyí tó le jù ni ti Ìyá Alájì, Morádéún, tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ọwọ́ wọn ni Nusirat bọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Wọ́n tẹ̀pá wá sí ẹ̀yìnkùlé.

"Sàfíátù, ẹnu mi korò. Já ewé mẹ́ta fún mi kí n fi jẹ ẹ̀kọ."

Orúnkún Sàfíátù kanlẹ̀. Orí kábéèjì nígbà yẹn ò ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Bó bá já mẹ́ta fún Ìyá, yàrá méjèèjìlá ló máa tẹ̀ lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò lè já a. Màá lọ ra gbúre fún yín lọ́jà Boundary báyìí."

Ìyá wò ó títí. "Èmi Morádéún. Ewé." Wọ́n yí padà.

Ó ra gbúre, ó sè é pẹ̀lú ẹja yíyan, ó gbé e lọ. Ìyá ò ṣí i. Láti ọjọ́ náà, bó bá kúnlẹ̀ kí wọn, ògiri ni wọ́n ń wò. Ó sunkún lọ́sàn-án ọjọ́ kan lábẹ́ okùn aṣọ, ó nu ojú, ó padà sídìí kòkòrò.

Nígbà tí oṣù kejì ń parí lọ, kòkòrò ti jẹ mẹ́fà nínú kábéèjì náà, mẹ́rin ló kù. Alájì dé pẹ̀lú Yínúsà bíríkìlà tó gbé okùn ìwọnlẹ̀ dání. Ìyá tẹ̀pá tẹ̀ lé wọn. Alájì fi àtàǹpàkò tẹ ti àkọ́kọ́, ó rọ̀ bí tìmùtìmù. Ìkejì rọ̀. Ìkẹta ò ní nǹkan nínú. Ìkẹrin wà lábẹ́ òjìji ògiri. Alájì tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, ó fi ìka kàn án kó-kó.

"Ó le," ó wí, bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé.

"Ó le, sà."

"Gé e wá, kí n rí inú rẹ̀."

"Kò tíì dàgbà tán, Alájì. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá."

"O fi ń du èmi? Lórí ilẹ̀ mi?"

"Ìyá tó bí yín ni mo kọ́kọ́ fi dù, sà. Bí mo bá gé e fún yín, kí ni mo fẹ́ wí fún Ìyá?"

Yínúsà ń wo okùn ọwọ́ rẹ̀. Ìyá fi ọ̀pá gún ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Gbàdàmọ́sí," wọ́n ní, "kúrò níbẹ̀, kó o má baà tẹ ewé rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Alájì sún sẹ́yìn. Yínúsà bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn rẹ̀. Sàfíátù fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ kí Ìyá, wọ́n sì dá a lóhùn. Nígbà tó sì ti wà nílẹ̀, ó yẹ abẹ́ ewé wò. Kòkòrò méjì wà níbẹ̀. Ó ṣà wọ́n.