Àmì Abẹ́ Òkúta

"Ẹ rọra yí i padà, ẹ jọ̀ọ́!" Ishbel ń kìlọ̀ fún àwọn ọkùnrin méjì tó gbé òkúta náà wọ gbọ̀ngàn ìlú.

Lọ́la ni wọ́n máa ṣí aṣọ lójú àwòrán tí Ishbel yà nípa bí kàtídírà wọn ṣe rí kó tó wó. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ya á. Kò sí ibi ìdáná tàbí ilé ẹlẹ́dẹ̀ tí kò wọ̀, níbi tó ti ń wá òkúta kàtídírà náà tí àwọn baba ńlá wọn kó lọ kọ́lé. Ní ti fèrèsé róbótó olójú mẹ́wàá tó wà lókè ilẹ̀kùn, òkúta kan ṣoṣo yìí ló fi mọ bó ṣe rí. Inú ọgbà bàbá rẹ̀, Wattie agbẹ́-òkúta, ló ti hú u, lọ́sẹ̀ tó ti di ẹrù tán láti kó lọ sí ìlú Glasgow. Torí ẹ̀ ni kò fi lọ mọ́.

Wọ́n yí òkúta náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tó ti hú u. Ẹnì kan ti gbẹ́ ẹja kékeré kan sábẹ́ rẹ̀.

Agbẹ́-òkúta ìlú wọn kì í gbé iṣẹ́ sílẹ̀ láìfi àmì tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹja yìí gan-an ló wà lára àpótí irinṣẹ́ bàbá rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti Wattie ò tiẹ̀ tó mẹ́wàá.

"Dádì, ẹ wá wo nǹkan."

Wattie, tó jókòó sí igun gbọ̀ngàn, gbé tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó wá wò ó, ó sì ṣí fìlà.

"Ọwọ́ ló ṣe é, ọmọ mi. Ọwọ́ ti mọ́ ọn lára."

"Ẹ gbẹ́ irọ́, ẹ tún fọwọ́ sí i!"

"Ìyá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà yẹn. Mo ní tó o bá rí nǹkan kan, wàá dúró."

"Ẹ̀ bá ní kí n dúró!"

"Ṣé ò bá dúró lóòótọ́?"

Ishbel mọ̀ pé òun ì bá lọ. Ìyẹn gan-an ló tún bí i nínú.

"Mo ti fi orúkọ mi búra fún gbogbo ìlú. Ọ̀tá ò lè ṣe mí tó báyìí. Ẹ dà mí, Dádì."

"Ta ló máa yí i wò? Àwa méjì la mọ̀."

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

Àwọn ọkùnrin méjèèjì sáré gbójú sókè àjà.

Ishbel mú rọ́bà tó fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́, ó gun àkàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà lára ògiri, ó ká aṣọ kúrò lójú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ojú fèrèsé náà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lo máa wá fi síbẹ̀?" Wattie béèrè.

"'A ò mọ̀.' Ohun tí mo máa kọ síbẹ̀ nìyẹn."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ń lọ sí Glasgow lọ́jọ́ Ẹtì."

Wattie bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ àkàbà mú kó má baà yẹ̀, títí ọmọ rẹ̀ fi pa ojú kẹwàá rẹ́.