Ibi Tí Olúgbádé Ti Wọlé

Ó ti rẹ̀ mí. Láti ìgbà tí Olúgbádé ọkọ mi ti kú, fíìmù kan ṣoṣo là ń wò nílé wa ní Ìpele. Òun náà wà nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ ló ṣe níbẹ̀, ó ṣàìsàn, ó kú, wọ́n sin ín. Lẹ́yìn náà, ìyàwó rẹ̀ inú fíìmù jókòó, ó ń ronú, a sì rí ọkùnrin náà tó ti oko dé, tó gbé àdá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ní kí wọ́n bu oúnjẹ wá. Ibẹ̀ ló parí sí.

Ìyá ọkọ mi á wá mí kanlẹ̀. "Ó ti dé."

"Màmá, ìrántí ni. Kó tó kú ni."

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yìn ìsìnkú ló wọlé ni?"

Ẹ̀yìn ìsìnkú ni lóòótọ́. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi bó, àfi bí ẹni ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi. Tí mo bá ti ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ọ́wọ̀ dé, tí ẹsẹ̀ ń ro mí, Màmá á tún ní kí n bu oúnjẹ ọmọ àwọn sílẹ̀, kí n dé e.

Èyí tó dùn mí jù ni ti sàréè. Àwọn ẹbí fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì ṣe é kí ọdún tó yí po, Màmá fàáké kọ́rí. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ fi sìmẹ́ǹtì bo ẹni tó ń bọ̀ wálé. Ewúrẹ́ wá ń sùn lórí ọkọ mi.

Mo lọ bá Akínfẹ́mi tó ṣe fíìmù náà. Mo ní kó bá mi tò ó bó ṣe yẹ: kí Olúgbádé ti oko dé, kó jẹun, kó ṣàìsàn, kó kú, kí wọ́n sin ín, kó tán.

"Àǹtí, ṣé ó dá yín lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá wò ó. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tó ti gbé àdá sílẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn, Màmá ṣì ń wò ó.

"Ṣé ó tán ni?"

"Ó ti tán, Màmá."

"Ó tún kú."

Wọn ò sunkún. Wọ́n ní kí n sọ fún àwọn ẹbí kí wọ́n lọ po sìmẹ́ǹtì wọn. Ohun tí mo ń wá náà nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, mo ń bu oúnjẹ, ọwọ́ mi tún lọ mú abọ́ Olúgbádé, mo sì bu oúnjẹ sí i. Màmá rọra gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n da oúnjẹ inú rẹ̀ padà sínú ìkòkò. Èmi olùṣàlàyé ni mo bú sẹ́kún.