Omi Abẹ́ Tayà Òsì

Lọ́jọ́ tí yìnyín àkọ́kọ́ bá bọ́ ní Takikawa, gbogbo ìlú ló máa ń rántí tayà lẹ́ẹ̀kan náà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù, ọkọ̀ ti tò láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì wa títí dé ilé ìfìwéránṣẹ́, oníkálukú ti kó tayà yìnyín tirẹ̀, èyí tí kì í yọ̀ lójú ọ̀nà, sí bùútù, èéfín ń yọ lẹ́nu wọn, wọ́n ń jiyàn ẹni tó kọ́kọ́ dé. Mo gbé tayà kan sápá ọ̀tún, mo gbé òmíràn sápá òsì, mo gbójú sókè. Nínú gbogbo orí wọ̀nyẹn, ojú kan ṣoṣo ni kò wo aago. Èmi ló ń wò. Mo wò ó padà. Tayà ọwọ́ òsì mi já bọ́ lé mi lẹ́sẹ̀.

"Ṣé kò dùn yín?"

"Rárá o," ni mo dáhùn, omi sì ti lé sí mi lójú.

Bí èmi àti Horiuchi ṣe mọra nìyẹn. Ọkọ̀ àtijọ́ kan ló ń wà, aláwọ̀ ewé tó ṣú dùdù. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni bàbá rẹ̀ fi wà á, kó tó kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní oṣù Kejìlá, ó padà wá, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Nínú ìlú, kò sí wàhálà. Àmọ́ ní ọ̀nà márosẹ̀, tó bá ti kọjá ọgọ́rin kìlómítà ní wákàtí kan, á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Tó bá fi máa di àádọ́rùn-ún, sítíárìn á máa jó lọ́wọ́ mi."

Ọ̀gá wa, Nemoto, ti ń tún ọkọ̀ ṣe kí wọ́n tó bí mi. Ó ní kí ọkọ̀ náà sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé tayà rẹ̀ sórí ẹ̀rọ bálánsì, tó ń wò bóyá ìhà gbogbo wúwo dọ́gba, ó mi ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò, ó wà á lọ sí márosẹ̀ lọ́sàn-án. Kò gbọ̀n. Horiuchi gbé e lọ sílé, ó tún padà wá: ó ń gbọ̀n. Ó tún sùn sọ́dọ̀ wa, kò gbọ̀n mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe é báyẹn.

"Ọ̀gbẹ́ni Horiuchi," ni ọ̀gá wí lẹ́ẹ̀kẹta, "ọkọ̀ yín ti darúgbó. Arúgbó a sì máa gbọ̀n. Àbí ọwọ́ tiyín gan-an ló ń gbọ̀n? Ẹ tà á fún mi, kí n tú u."

Mo ń nu ilẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ẹnu mi ṣáájú mi.

"Ọ̀gá, àgbà tó bá ń gbọ̀n, ó ní ibi tó ń dùn ún."

Ọ̀gá yíjú padà díẹ̀díẹ̀. "Ubukata, mópù ni mo gbé fún ẹ. N kò gbé ẹnu fún ẹ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lápò àyà mi lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́tà ni. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Nemoto, mo sì fẹ́ ṣe ìdánwò tí yóò sọ mí di mẹkáníìkì gidi. Láìsí òǹtẹ̀ ọ̀gá lórí lẹ́tà, wọn kò ní jẹ́ kí n wọlé. Oṣù méjì ni mo ti ń gbé e kiri. Nígbàkígbà tí mo bá yọ ọ́, á ní, "Gbé e pamọ́ ná. Iwájú níbi tábìlì ló yẹ ọmọbìnrin bíi tìẹ, kó o máa gbé tíì fún oníbàárà." Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa pa ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò náà dé.

Ìbínú gbé mi. Mo ti mópù sí ògiri.

"Ọ̀gá, tí mo bá rí àìsàn ọkọ̀ yìí kó tó di ọ̀sán Sátidé, ẹ ó fi ọwọ́ méjèèjì gba lẹ́tà mi bí ti ẹni iyì, ẹ ó lu òǹtẹ̀. Tí n kò bá rí i, mo máa wọ síkẹ́ẹ̀tì, mo máa gbé tíì títí ayé."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ẹ gbọ́ o, Horiuchi! Ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí."

"Mo ti gbọ́," ni Horiuchi wí. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

Ohun tí ọ̀gá kò ní wà lọ́wọ́ mi: mópù. Òwúrọ̀ mẹ́ta tí ọkọ̀ náà sùn sọ́dọ̀ wa, òwúrọ̀ mẹ́ta ni mo nu omi lábẹ́ rẹ̀, lábẹ́ tayà òsì iwájú nìkan. Bẹ́ẹ̀ yìnyín kò bọ́ mọ́ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọ̀nà gbẹ táútáú. Níbo ni omi náà ti wá?

Ọjọ́bọ̀ ni ìsinmi mi. Mo lọ sílé Horiuchi láàárọ̀. Ọkọ̀ náà sún mọ́ ògiri, lábẹ́ fèrèsé kan. Lókè rẹ̀, omi dídì rọ̀ sílẹ̀ láti etí òrùlé bí ọ̀kọ̀, ó ń kán: tó, tó, tó, sórí tayà òsì.

"Kí ló dé tí ẹ gbé e síbí?"

"Màmá mi kò lè dìde mọ́. Láti ìgbà tí bàbá ti lọ, wọ́n fẹ́ máa rí ọkọ̀ náà láti orí ibùsùn."

Mo kúnlẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ ihò rímù, irin tó wà láàárín tayà. Òtútù gé mi lọ́wọ́: omi dídì, ó le, ó nípọn bí ìṣù búrẹ́dì, ó lẹ̀ mọ́ inú rímù níhà kan. Ǹ bá ti gbá a dànù. Mo fa ọwọ́ mi yọ.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án títí di Sátidé. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi ara tirẹ̀ gbọ́ ọ."

Láàárọ̀ Sátidé, èmi ni mo wakọ̀, ọ̀gá jókòó tì mí, Horiuchi wà lẹ́yìn. Ọgọ́rin: sítíárìn ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìka mi. Àádọ́rùn-ún: sítíárìn ń jó, eyín ọ̀gá ń lura wọn.

Mo yọ ọ́ ní gíà. "Ó ṣì ń gbọ̀n, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì." Mo fẹsẹ̀ ba bíréèkì. "Kò le sí i, kì í ṣe bíréèkì. Sítíárìn ló ń jó, ìjókòó kò mì tó o. Iwájú ni."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀! Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá. Ìyẹn ni mo ṣe gbé yín wá."

Ní ibùdó ìsinmi Sunagawa, mo dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, mo fi ìdí sípánà lu inú rímù. Omi dídì náà já. Mo gbé e lé ọ̀gá lọ́wọ́.

"Yìnyín? Ọjọ́ wo ni yìnyín bọ́ gbẹ̀yìn?"

"Omi òrùlé ni. Ilé gbóná, yìnyín orí rẹ̀ ń yọ́, ó ń kán sínú rímù, òru ń mú un dì, ìhà kan tayà á wúwo ju ìkejì lọ, á máa gbọ̀n. Ẹ wá ní kó sùn sí ṣọ́ọ̀bù níwájú sítóòfù. Ó yọ́, mo nù ún. Nígbà tí ẹ bá fi máa wà á, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì mi ni àìsàn náà wà."

A padà sí márosẹ̀. Ọgọ́rùn-ún: ọkọ̀ ń lọ bí ẹni ń sun oorun.

"Bí bàbá mi ṣe ń wà á nìyí," ni Horiuchi wí lẹ́yìn. Mo wo dígí. Ojú wa tún pàdé, ṣùgbọ́n n kò ju ohunkóhun sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

A dé ṣọ́ọ̀bù. Bí ọ̀gá ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Tí ọdún tuntun bá wọlé, a ó wo ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn."

Mo ti ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Mo dúró síbẹ̀, gbágbáágbá.

"Òní ni, ọ̀gá. Wọ́n ń pa á dé lónìí."

"Kúrò lọ́nà."

"N kò kúrò."

"Ẹlẹ́rìí ṣì wà ńbí," ni Horiuchi wí, ó fẹ̀yìn ti ọkọ̀ bàbá rẹ̀.

Mo yọ lẹ́tà náà. Ó ti ká, ìka tí ọ́ìlì kùn ti kàn án létí kan, ara mi ti mú un gbóná. Ọ̀gá na ọwọ́ kan. N kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó wò mí, mo wò ó. Ó nu ọwọ́ kejì mọ́ ara ṣòkòtò rẹ̀, ó nà án, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.