Ọba Tó Ń Pe Ọmọ Ọ̀dọ̀ Ní "Mà"

Hàlímàt ni ọba. Kì í ṣe ní Ọ̀fà o. Nínú gúrúùpù WhatsApp kan tí Láńrewájú, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìjàgbó, dá sílẹ̀ ni. Eré ààfin ni wọ́n ń fi títẹ̀ ṣe níbẹ̀, olúkúlùkù ló sì ní ẹni tó ń jẹ́. Tí ẹni rẹ bá sọ̀rọ̀, wàá tẹ ọ̀rọ̀ náà lásán. Tó bá ṣe nǹkan, wàá fi ìràwọ̀ há a láàárín: *ó jókòó sórí ìtẹ́*. Òfin Láńrewájú ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le: ohun tí ẹni tìrẹ ṣe nìkan ni kó o kọ. Tó o bá fẹ́ gbá ẹlòmíì létí, kọ pé o gbọ́wọ́ sókè. Òun ni yóò kọ bóyá ọwọ́ náà bà á.

Nígbà tó yá, Alhaja Asiata, ìyá ọkọ Hàlímàt, rí i tó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù ní pálọ̀, wọ́n ní kó fi àwọn náà sí i. Ipò ọmọ ọ̀dọ̀ ọba nìkan ló ṣẹ́ kù. Alhaja ní kò burú, oyè kọ́ làwọn ń wá.

Lọ́jọ́ kejì, ó kan ọba láti rán ọmọ ọ̀dọ̀ lómi. Hàlímàt gbé fóònù dání, ìka rẹ̀ ò lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà ní yàrá kejì, wọ́n ń retí iṣẹ́. Nígbẹ̀yìn, ó tẹ̀ ẹ́ báyìí:

*ọba kúnlẹ̀* Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí kò bá ní ni yín lára, ẹ bá mi bu omi.

Láńrewájú pè é lójú ẹsẹ̀. "Àǹtí Hàlímàt, ọba wo ló ń kúnlẹ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀?"

"Ìyá ọkọ mi ni."

"Kò sí ìyá ọkọ nínú ààfin yẹn, mà."

"Ó wà nínú ilé tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́."

Alhaja náà ti fèsì: *wọ́n bu omi wá*. Láńrewájú rọra bi wọ́n pé ta ni wọ́n jọ bù ú.

"Èmi nìkan ni," ni Alhaja wí. "Àbí kí n máa pe ara mi ní 'ó' bí ọmọdé?"

Ibi tí wọ́n ti ń fa èyí ni Ọlábámijí, tó ń ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ti kọ tiẹ̀: *ẹ̀ṣọ́ ti ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán*.

Alhaja kà á, wọ́n gbé fóònù kalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọn ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Orí àga ni wọ́n wà, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àpótí.

"Ṣé ó ń dùn yín ni, mà?" ni Hàlímàt bi wọ́n.

"Kò dùn mí. Ó kán ni. Ta ló bi mí léèrè kó tó ṣẹ́ ẹ?"

Àbúrò wọn gbé ọsàn wá láti Ẹ̀rìn-Ilé. Ó wo ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wo tòsì. "Èwo ló kán níbẹ̀?"

"Ti inú fóònù."

Obìnrin náà ronú díẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ìyẹn máa ń pẹ́ kó tó san."

Nírọ̀lẹ́, Ọlábámijí wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀. Alhaja ní kó dìde. Ibi tó ti ṣẹ́ ẹ ni kó ti bẹ̀bẹ̀. Ó bá jókòó, ó tẹ̀ ẹ́: *ẹ̀ṣọ́ dọ̀bálẹ̀*. Alhaja kà á, wọ́n wò ó.

"Ẹ̀ṣọ́ dọ̀bálẹ̀, ìwọ wá jókòó?"

Ó padà sílẹ̀, ó tún un tẹ̀ láti ibẹ̀. Ó ní ṣé kóun kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ ti san. Láńrewájú, tó bá a wá, ní rárá, ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni. Alhaja fúnra wọn ló gba fóònù, wọ́n kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ ò kán, ó kàn rọ́ díẹ̀ ni. Wọ́n dìde, wọ́n lọ kírun ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí wọ́n kírun tán, Hàlímàt lọ bá wọn. "Ẹ má bínú, mà. Ọba fẹ́ pe ọmọ ọ̀dọ̀ ní 'ìwọ'."

"Ṣé orí ìkúnlẹ̀ lo wà?"

"Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, mà."

"Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́: Ìwọ ọmọ ọ̀dọ̀ yìí, oúnjẹ mi dà?

Alhaja kà á tán, wọ́n mí kanlẹ̀. "Ọba yìí ò lẹ́kọ̀ọ́," ni wọ́n wí, inú wọn sì dùn. Láti ọjọ́ náà, tí ọba bá ti fẹ́ bínú, Hàlímàt á kọ́kọ́ wá tìmùtìmù tí yóò kúnlẹ̀ lé.