Ẹ Má Pe Ilé Iṣẹ́ Mi Àtijọ́

Ìtìjú ń pa ẹni tó ń wáṣẹ́ ju ebi lọ. Bàbá àti Ìyá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n tọrọ yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń ran àwọn tó ń wáṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Tábìlì kan, àga mẹ́ta, tẹlifóònù kan, àti ìṣó tí wọ́n fi táì kọ́. Bàbá á ṣe bí ọ̀gá, á máa da ìbéèrè bò wọ́n. Ìyá á lọ aṣọ wọn, á kun bàtà wọn, á sì fi oríkì iṣẹ́ wọn sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Bó bá ki awakọ̀, awakọ̀ á máa rìn bí ẹni tó ni títì.

Àmọ́ Ìyá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki òun. Bí Bàbá bá ti lanu báyìí, á ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, Bàbá àwọn ọmọ mi. Bí orí mi bá wú, ilẹ̀kùn ò ní gbà mí mọ́." Wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín.

Òfin kan ṣoṣo ni Bàbá ní: kò lè dúró fún ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ pe ibi tó ti ṣiṣẹ́ rí. "Ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde," ni yóò wí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, jórinjórin kan wọlé. Ìyàwó rẹ̀, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀, jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta lábẹ́ ìbòrí. Ilé iṣẹ́ irin tó wà lẹ́bàá odò fẹ́ gba ẹnì kan lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀gá ibẹ̀ sì ti ní ọ̀rọ̀ ẹnu Bàbá nìkan lòun ń retí.

Ọkùnrin náà dáhùn gbogbo ìbéèrè bí omi. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná Ìyá yọ̀ lórí tábìlì, ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ dá a dúró, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

"Yéè! Ọwọ́ rẹ!" Bàbá fò dìde.

"Ẹ má ṣèyọnu, sà. Ọwọ́ jórinjórin ti kú tipẹ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Bàtà ọkùnrin náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i padà. Ẹrẹ̀ kún gbogbo àgbàlá, àmọ́ àtẹ́lẹ̀ bàtà náà mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Ibo lo ti ṣiṣẹ́ rí?" ni Bàbá béèrè.

Ọkùnrin náà sọ ọ́: ibi tí wọ́n ti ń ṣe táǹkì omi, ní ìlú kan tó jìnnà. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n, Bàbá, ẹ dákun, ẹ má pe ibẹ̀."

"O jalè ni?"

"Rárá o, sà. Mo kàn kúrò láìdágbére ni."

Bàbá ní kó lọ dúró ti ìyàwó rẹ̀. Ó gbé tẹlifóònù.

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ," ni Ìyá wí.

"O mọ òfin mi."

Ohùn àgbàlagbà kan dáhùn. Bàbá dárúkọ jórinjórin náà, ó sì béèrè ìwà rẹ̀. Ohùn náà ké tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá náà fi gbọ́.

"Ta ló rán yín sí mi? Orí táǹkì ló ti já bọ́. Ọwọ́ èmi yìí ni mo fi bu erùpẹ̀ sí i. Àpá irin wà níwájú orí rẹ̀."

Bàbá wo ojú fèrèsé. Jórinjórin ń nu omi òjò kúrò lójú ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, àpá náà hàn ketekete.

"Ẹ gbé tẹlifóònù fún un," ni ohùn náà ń wí. "Ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ, ká wò ó."

Ìyá fi ọwọ́ bo ẹnu tẹlifóònù. "Bó bá gbọ́ ohùn ẹni tó sin ín, á pòórá níbẹ̀ yẹn. Obìnrin yẹn á di opó kí ọmọ tó délẹ̀."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Lọ́jọ́ tí ẹ gbà mí síṣẹ́," ni Ìyá wí, "ilé iṣẹ́ mi àtijọ́ wo lẹ pè?"

Bàbá rántí. Kò pe ibì kankan. Ọmọge tó rẹwà ló wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tó ní, "Ẹ dákun, sà, ẹ má pe ibẹ̀," ìfẹ́ sì ti dí i létí. Ọmọge yẹn nìkan ni Bàbá ò wádìí rẹ̀ rí. Obìnrin tí kì í lọ sílé baba rẹ̀. Obìnrin tí kò jẹ́ ká ki òun, kí ará ilé rẹ̀ má baà gbọ́.

Bàbá gba tẹlifóònù. "Ẹ má bínú, sà. A ṣi ẹni pè." Ó gbé e sílẹ̀, ó ní, "Olúwa, fojú fò mí," ó sì pe ọ̀gá ilé iṣẹ́ irin. "Mo mọ̀ ọ́n. Mo dúró fún un."

Ìyá ti wà níta:

"Jórinjórin, ọkọ irin!
A-finá-ránṣọ-irin!
Ohun tó ti já, ìwọ ló ń so ó pọ̀.
Máa lọ, má wẹ̀yìn."

Jórinjórin di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, wọ́n sì jáde sínú òjò. Ipasẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú ẹrẹ̀.

Ìyá wọlé, ó gbé ọwọ́ lé ọrùn ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀ ń gbọ̀n."

"Ọwọ́ rẹ ló tutù."

"Ó ti ń tutù tipẹ́. Ẹ ò ráhùn rí."

Tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa wáyà rẹ̀ tu lára ògiri.